Ta Ni Ó Dá Àrà Náà? Kenneth Ize, Àwọn Ará Jàpáànì àti Òfì Ìlọrin

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Èkó, tí ó sì dàgbà ní Austria, pàtẹ aṣọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Paris, níbi tí àwọn tó ń rán aṣọ olówó ńlá lágbàáyé ti ń fi iṣẹ́ wọn díje. Kenneth Ize ni wọ́n ń pè é. Aṣọ òfì ni ó fi rán kóòtù àti ṣòkòtò tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà, Naomi Campbell tí gbogbo ayé mọ̀ sì wọ̀ lára wọn jáde. Àwọn oníròyìn ìmúra yìn ín pé ó mú ohun tuntun wá. Mo gbà pé tuntun ni. Ohun tí mo fẹ́ bá yín rò lónìí ni ibi tí ìtuntun náà ti bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó kéré tán, ìdajì àrà náà ti pé lórí òfì kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ. Ẹni tó jókòó sídìí òfì kì í ṣe alágbàṣe lásán; òun àti ẹni tó ya kóòtù sórí ìwé ni wọ́n jọ dá àrà náà. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àbọ̀ ìtàn ni a óò máa sọ nípa Ize, owó iṣẹ́ nìkan ni Ìlọrin yóò sì máa gbà nínú ohun tí ọgbọ́n Ìlọrin mú wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Izedonmwen ni orúkọ tí ó gé kúrú sí Ize, orúkọ àwọn Ẹ̀dó. Ó kàwé nípa aṣọ ní yunifásítì iṣẹ́ ọnà ní Vienna, lọ́dọ̀ Bernhard Willhelm, ọmọ Jámánì, àti Hussein Chalayan, ọmọ Cyprus, àwọn méjì tí ìdí iṣẹ́ tiwọn ni pé kí aṣọ máa béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti ibẹ̀ jáde lè rán ohunkóhun, ó sì lè ra aṣọ ẹ̀rọ ní Ítálì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Òun wá sílé. Aṣọ òfì tí ó mọ̀ láti kékeré, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá àwọn ahunṣọ dòwò pọ̀, ó sì dá ibi ìhunṣọ sílẹ̀ ní Ìlọrin, ìlú wa yìí. Ní ọdún 2019, ó wà lára àwọn mẹ́jọ tó dé ìpele ìkẹyìn fún àmì ẹ̀yẹ LVMH ní Paris, àmì ẹ̀yẹ tí Thebe Magugu, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbà lọ́dún náà. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ Karl Lagerfeld pè é kí wọ́n jọ gbé àkójọ aṣọ kan jáde. Fún ẹni tí kò ì tíì tó ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, ìrìn náà yá púpọ̀. Ohun tó ṣe kókó fún àlàyé mi ni pé nínú gbogbo ìrìn yìí kò fi aṣọ òfì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ etí aṣọ. Gbogbo ara kóòtù náà ni òfì.

Láti mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo Jàpáànì, nítorí pé ṣáájú Ize ni àwọn ará ibẹ̀ ti gbé ìbéèrè pé ta ni ó dá àrà dé Paris. Issey Miyake, ẹni tí wọ́n bí ní Hiroshima ní ọdún 1938 tí ó sì kú ní ọdún 2022, dá iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1970. Rei Kawakubo àti Yohji Yamamoto pàtẹ aṣọ tiwọn ní Paris ní ọdún 1981. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó ló bínú sí iṣẹ́ àwọn méjì yìí: aṣọ dúdú, aṣọ tó fẹ̀ ju ara lọ, aṣọ tí etí rẹ̀ kò tẹ́. Nígbà tó di ọdún 1982, Kawakubo mú súwẹ́tà oníhò jáde, àwọn kan sì pè é ní àkísà. Ṣùgbọ́n àwọn ihò náà kì í ṣe ti eku tàbí ti sísọ́ọ̀sì. Ńṣe ni wọ́n tú ìdè díẹ̀ lára ẹ̀rọ ìhunṣọ kí ó lè máa fo òwú bí ó ti ń hun. Ìdí òwú ni àrà ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni Miyake ṣe: ní ọdún 1998, òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Dai Fujiwara, gbé A-POC jáde, aṣọ tí ẹ̀rọ ń hun bí ọ̀pá gígùn kan, tí ojú ibi tí a óò gé ti wà nínú híhun rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó rà á yóò sì fúnra rẹ̀ gé ẹ̀wù jáde nínú rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé télọ̀ nìkan ni ó ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn ará Jàpáànì kò sọ bẹ́ẹ̀, ibí sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró pẹ́ díẹ̀. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kiryu, ní ẹkùn Gunma. Ìlú ahunṣọ ni láti ayébáyé, bí Ìlọrin àti Ìsẹ́yìn ti jẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Junichi Arai ní ọdún 1932, sínú ìdílé tó ń hunṣọ. Arai ni ó hun púpọ̀ nínú àwọn aṣọ àràmàǹdà tí Miyake àti Kawakubo lò: ó fi irin wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ òwú, ó fi iná sún aṣọ kí ó lè wú tàbí kí ó hunjọ. Ní ọdún 1984, ó wà lára àwọn tó dá ilé ìtajà àti ìhunṣọ Nuno sílẹ̀ ní Tokyo. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ ọlọ́lá kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi oyè dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ àrà. Makiko Minagawa náà wà, obìnrin tó ń ṣètò aṣọ fún Miyake láti ìgbà tí iléeṣẹ́ náà ṣì kéré. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Miyake máa ń dárúkọ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé dídárúkọ wọn kò dín iyì Miyake tàbí ti Kawakubo kù. Ó tilẹ̀ fi kún un, nítorí pé òǹkàwé rí i pé ẹni tó mọ ọlọ́gbọ́n yàn ni àwọn méjèèjì. Bí a bá wá yí ojú padà sí Ìlọrin, mo bi yín: ta ni Arai wa? Ó wà. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà. Nínú àpilẹ̀kọ àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè lórí Ize, ohun tí a sábà máa ń bá ni pé àwọn ahunṣọ kan ní Ìlọrin ló bá a hun ún.

Ẹnìkan lè sọ pé Arai yàtọ̀, pé òun dá nǹkan tuntun, pé ohun tí bàbá bàbá wọn ti ń hun ni àwọn tiwa ṣì ń hun, ohun tí a bá sì rán wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwáwí yìí ni mo ka sí èyí tó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ó sì jìnnà sí òtítọ́ jù. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Òwú tí a ta ń nà lọ síwájú ahunṣọ lórí ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà, òpin rẹ̀ sì wà lára igi tí a gbé òkúta lé. Bí aṣọ ti ń wọlé sọ́dọ̀ ahunṣọ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀. Ìbú aṣọ tó ń jáde kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Kí ó tó di kóòtù, a ní láti to ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a sì rán wọn pọ̀. Bí kóòtù náà bá ní ìlà tó dábùú ìlà, irú èyí tí Ize fẹ́ràn, ìlà ìdábùú tó wà lára aṣọ kìíní gbọ́dọ̀ pàdé ti ìkejì, ti ìkejì gbọ́dọ̀ pàdé ti ìkẹta, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Kò sí ohun tó lè mú wọn pàdé bí kò ṣe ọwọ́ ahunṣọ. Bí ó bá gbá òwú wọlé líle ní àárọ̀, tí ó sì gbá a ní ẹ̀rọ̀ ní ọ̀sán, ìlà yóò sún kúrò níbi tó yẹ kó wà, gbogbo kóòtù yóò sì wọ́. Ìwé tí a ya kóòtù sí kò sọ ìyẹn. Ó lè sọ pé pupa, yẹ́lò, àwọ̀ aró. Kò sọ iye òwú pupa tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró kí ojú má baà rí i bí àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ yóò gba àárín kọjá kí òwú tó yí padà. Ahunṣọ ló ń ṣírò rẹ̀, nígbà tó bá ń ta òwú.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí agbádá kò ní. Agbádá àti ìró fẹ́ràn ìlà tààrà. A kì í sábà gé aṣọ òfì wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nítorí pé etí rẹ̀ tí a gé máa ń tú. Aṣọ kímónò àwọn ará Jàpáànì náà rí bẹ́ẹ̀, torí inú aṣọ tóóró tí ìbú rẹ̀ kò pé 40 sẹ̀ǹtímítà ni ó ti ń jáde, ní ìlà tààrà. Ṣùgbọ́n kóòtù òyìnbó ní abíyá, ó ní èjìká, ó ní ọrùn tí a gbọ́dọ̀ gé ní ìrí oṣù. Kí aṣọ òfì tó lè gba irú gígé bẹ́ẹ̀, kí ó sì rọ̀ lára ẹni tó wọ̀ ọ́, ó di dandan kí ahunṣọ àti télọ̀ jọ sọ̀rọ̀ nípa bí òwú yóò ti wúwo tó àti bí yóò ti súnmọ́ra tó. Ize ni ó béèrè. Ìyẹn tirẹ̀, ọgbọ́n ńlá sì ni. Òun náà ni ó sọ pé kí a fi òwú tó ṣẹ́ kù ní òpin aṣọ sílẹ̀ kí ó máa mì lẹ́sẹ̀ kóòtù, èyí tí àwọn aránṣọ wa ìbá ti ṣẹ́ wọlé tàbí kí wọ́n gé e dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáhùn ìbéèrè náà wà nídìí òfì, ìdáhùn ìbéèrè tí kò tíì wáyé rí sì jẹ́ àrà.

Ìtàn òfì Ìlọrin náà kò jẹ́ kí a lè sọ pé àwọn ahunṣọ kì í yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ ìlú yìí dó bí ó ti rí lónìí wá láti ibi púpọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú àti lẹ́yìn rẹ̀: Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé, Kànúrí, Ìbàrìbá. Oníkálùkù gbé ojú tí ó fi ń wo aṣọ bọ̀. Òwú àlàárì gba aṣálẹ̀ kọjá láti Àríwá Áfíríkà; sányán wá láti ara kòkòrò inú igbó wa. Ọ̀mọ̀wé Ann O'Hear, tó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin, kọ àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní ọdún 1990 lórí bí àwọn ahunṣọ níhìn-ín ṣe gba ọnà tí a ń fi òwú àfikún gbé jáde lójú aṣọ, èyí tí kò sí lára aṣọ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òwú dídán dé, wọ́n sọ ọ́ di ṣáìn-ṣáìn, ayẹyẹ kò sì parí láìsí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni kí a wí nípa ihò Kawakubo? Aṣọ òfì oníhò ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú ọdún 1982 tipẹ́tipẹ́. Ahunṣọ ni ó ń di òwú pọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n kí àlàfo lè ṣí sílẹ̀ ní ìtò, tí òwú àlàárì yóò sì máa gba ojú ihò kan lọ sí ìkejì. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. N kò sọ pé ó ti ọ̀dọ̀ wa dé Tokyo. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrònú kan náà, pé ihò lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ bí a bá hun ún dáadáa, sọ obìnrin kan di olókìkí ní Paris, àwọn tó rò ó níbí sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láìlórúkọ.

Ṣáájú Ize, àwọn kan ti rìn lójú ọ̀nà yìí. Shade Thomas-Fahm, tí wọ́n bí ní ọdún 1933 tí ó sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èkó nígbà òmìnira, ó fi aṣọ òfì, àdìrẹ àti aṣọ Òkènè rán ohun tí obìnrin ọ́fíìsì lè wọ̀. Gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìró tó ní síìpù. A mọ orúkọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó hun aṣọ rẹ̀ wọnú òkùnkùn kan náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ jẹ́ ti àwọn olówó Paris, pé ọmọ Ìlọrin kò lè ra kóòtù Ize. Òtítọ́ ni pé kò lè rà á. Ṣùgbọ́n aṣọ òfì kò fìgbà kan jẹ́ aṣọ pọ́ọ́kú. Sányán gidi wọ́n nígbà àwọn bàbá wa, òun ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni ńlá. Ohun tó dùn mí kì í ṣe iye owó. Ẹni tó ra aṣọ òfì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ mọ agbo ilé tó ti rà á; bí aṣọ bá dára, yóò rán ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Okùn yẹn já nígbà tí aṣọ bá gba ọ̀dọ̀ ẹni kan ṣoṣo dé òkèèrè. Ẹni tó rà á ní Paris mọ Ize nìkan. Bí Ize bá sinmi, tàbí tí ọjà rẹ̀ bá dúró, bí ọjà gbogbo ayé ti dúró lóṣù Kẹta ọdún 2020, kété lẹ́yìn àfihàn àkọ́kọ́ náà, nígbà tí àrùn kòrónà sé ìlú mọ́lé, ahunṣọ kò ní ẹni tí yóò wá a wá nítorí pé kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀sùn ni mo fi kan ọkùnrin náà. Òun dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ilé kò dá a. Àwa ilé ni mo ń bá wí.

Àwáwí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni èyí tí àwọn ahunṣọ fúnra wọn lè sọ: pé iṣẹ́ òfì kì í ṣe ti ẹnìkan, ti agbo ilé ni, ti ìdílé ni. Bí a bá gbé orúkọ ẹnìkan ga, àwọn arákùnrin rẹ̀ tó ta òwú, àwọn ọmọ tó ká òwú, àti bàbá tó kọ́ gbogbo wọn, wọn yóò wà níbo? N kò lè fi ọwọ́ yẹ̀pẹ̀rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó jọ mí lójú pé ìdáhùn ti wà nínú ìwà wa. Ìdílé Yorùbá kì í ṣe àìlórúkọ. Oríkì wọn gùn, ó sì ń ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti agbo ilé, ẹ kọ orúkọ agbo ilé. Arai pàápàá kò jábọ́ láti ọ̀run, ọmọ ìdílé ahunṣọ ní ìlú ahunṣọ ni. Ohun tí kò bójú mu ni pé kí a torí pé iṣẹ́ jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kí a má kọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà, òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ń dán tí wọ́n sì ń lu ihò sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlú mìíràn ń rà á lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ náà rọ nínú ọ̀rúndún ogún. Lónìí, bí ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Ìlọrin ni wọ́n kọ síbẹ̀ bí ó bá pọ̀ tán. Agbo ilé wo? Ọwọ́ ta?

Nípa pé Ize jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó tó dàgbà lókè òkun, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tẹ̀ dó kò lè bi ẹni tó wá hunṣọ pé níbo ni wọ́n bí i sí.

Ó kù kí n sọ ohun tó ṣeé ṣe. Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo àwọn oníṣẹ́ àwárí àti oníṣẹ́ àrà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970, ka àkópọ̀ ìlà tàbí àwọ̀ sí àrà tí a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ tuntun. Àkópọ̀ ìlà àti àwọ̀: ohun tí ahunṣọ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọdún 5 ni ààbò náà, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó dá àrà ní tòótọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ni ó gba àṣẹ rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò lè jiyàn pé àrà tí a óò sọ di púpọ̀ ní iléeṣẹ́ ni òfin náà ń sọ, pé iṣẹ́ ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ìjiyàn náà yẹ kó wáyé, ní ilé ẹjọ́ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Wọn yóò tún sọ pé aṣọ ẹtù àti sányán kì í ṣe tuntun, òtítọ́ sì ni, ti gbogbo wa ni wọ́n. Tuntun ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti ọdún 1975, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété láti ọdún 2009; kò sí ohun tó ní kí ọ̀kan nínú wọn má ṣí ìwé àkọsílẹ̀ òfì, kí àwọn àgbà ahunṣọ sì jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Bí ahunṣọ kan bá dá àrà kan lọ́la, kí aṣọ náà tó wọ ọkọ̀ Èkó, kí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nínú rẹ̀ ti wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, iye òwú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó béèrè fún un, àti ọjọ́ tí wọ́n gé e kúrò lórí òfì.